Re: Orúkọ Toxodon: “ọrun” ni o, kì í ṣe “ọ̀run”, kì í sì í ṣe “oró”

Láti ọwọ́: Akọ́mọlédè Ìṣẹ́yìn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o.

Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ, tí mo ń pa á mọ́ra. Ó ti wá kọjá ohun tí ènìyàn ń pa mọ́ra. Àbúrò wa Ọmọ-Ìlá ń kọ àpilẹ̀kọ ní Yorùbá nípa àwọn ẹran ẹlẹ́pátákò ayé àtijọ́ ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó dé orí èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Toxodon, ó sì fún un lórúkọ: “Eléyín-ọ̀run”. Èkó-Akéte ní rárá o, “Eléyín-oró” ni, nítorí pé “tox” tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, májèlé ni. Bàbá Díákónì wá ní ká yé da ara wa láàmú, ká pè é ní “àgbáǹréré aláìníwo”, kí oníkálukú lọ jẹun.

Orúkọ mẹ́ta ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹran náà kò sì tíì ní orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti oró kúrò lọ́nà, torí kò gba àkókò. Èdè Gíríkì ni wọ́n fi sọ ẹran yìí lórúkọ. Ọrun ni “toxon”, eyín ni “odous”. Májèlé tí Èkó-Akéte rí níbẹ̀, ẹ̀yìn ọrun ló gbà wọlé: oògùn ikú tí àwọn Gíríkì ayé ijọ́un ń fi sí ẹnu ọfà ni wọ́n fi orúkọ ọrun pè. Nígbà tó yá, ọrun kúrò níbẹ̀, ó ku oògùn ikú nìkan, òun ni òyìnbó ń pe májèlé títí dòní. Ẹran tí à ń sọ yìí, koríko àti ewé ló ń jẹ. Ẹni tó bá ní ó ní oró lẹ́yín, ẹ̀sùn èké ló fi kàn án.

Ó wá kan àbúrò mi. Ọmọ-Ìlá, o mọ ohun tí orúkọ náà dúró fún, nítorí ìwọ fúnra rẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé “ẹran tí eyín rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun”. Kí ló wá dé tí o fi ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lókè? Ọrun tí ọdẹ ń fi ta ọfà, re-re ni. Ọ̀run tí gbogbo wa ń lọ, dò-re ni. Ọrùn tó gbé orí dúró, re-dò ni. Olùkọ́ mi ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọrin fún wa kí a tó mọ ìṣirò, ẹni tó bá sì ṣì í kọ, ìta ló ti máa gbọ́ ìyókù ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà. Èyí tí o kọ sílẹ̀ yìí, bí òkú tí eyín rẹ̀ ń dán lẹ́yìn ikú ló ń dún létí mi.

O sì fèsì lánàá pé ohùn kan ṣoṣo kò lè ba orúkọ jẹ́, pé ẹni tó bá ń kà á yóò lóye. Ó dáa. Ṣé o mọ òwe tó ní “Ọsán já, ọrun dọ̀pá”? Gbé ohùn ìsàlẹ̀ rẹ yẹn sórí ọrun inú òwe, kí o kà á sókè. Okùn já, àjùlé ọ̀run wá di igi tí ẹnìkan ń tẹ̀ rìn. Bàbá tó bí bàbá mi ṣọdẹ ní apá Òkè Ògùn títí ojú wọn fi di bàìbàì. Bí ọmọdé kan bá ní òun fẹ́ fọwọ́ kan “ọ̀run” wọn tó wà lára ògiri, wọn á wò ó títí, wọn á ní, “Ta ló ránṣẹ́ pè ọ́ níbẹ̀?” Àwa tí a gbọ́ ìyẹn lẹ́ẹ̀kan kò tún ṣì í pè mọ́ láyé wa. Ìran tó ń lo kíbọọdù kò rí bàbá báyìí gbé sọ́dọ̀, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ìwé atúmọ̀ èdè wà.

Èmi kò sì fẹ́ kí eyín bọ́ kúrò nínú orúkọ ẹran yìí láéláé, torí eyín ni gbogbo ìtàn rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1833, Charles Darwin tó bá ọkọ̀ Beagle rìnrìn àjò wà nítòsí ìlú Mercedes ní Urugúáì. Wọ́n sọ fún un pé egungun òmìrán wà ní oko kan lẹ́bàá odò kékeré tí wọ́n ń pè ní Sarandí. Ó gun ẹṣin lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó gbà á lálejò, ó sì ra agbárí náà ní ṣílè kan àti sísì. Ẹ̀yin tí ẹ bá sísì láyé, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni. Ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn ọmọ oko ibẹ̀ ti fi agbárí yìí ṣe? Wọ́n ti fi òkúta gbá lára eyín rẹ̀ yọ, wọ́n wá gbé orí náà kalẹ̀, wọ́n ń sọ ọ́ lókò láti mọ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tọ́ jù! Darwin fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún ní òun ti rí eyín kan ṣoṣo nínú ilẹ̀ létí odò Río Tercero, ibi tó jìn tó 180 máìlì sí oko yẹn, eyín náà sì wọ ọ̀kan nínú ihò tó ṣófo ní agbárí náà láìṣẹ́kù. Èyí tí mo ń sọ yìí kì í ṣe àlọ́.

Nígbà tí ẹrù Darwin dé Lọ́ńdọ̀nù, Richard Owen, onímọ̀ nípa egungun ẹran, ló jókòó ti agbárí yìí. Ní 1837 ló sọ ọ́ lórúkọ: Toxodon platensis, “platensis” nítorí agbègbè odò La Plata. Ohun tó gba ojú Owen ni àwọn eyín òkè tó wà lẹ́yìn ẹnu, àwọn tí ẹran fi ń lọ oúnjẹ. Wọ́n tẹ̀ bọ̀ǹbọ̀ bí igi ọrun tí wọ́n ti so ọsán mọ́. Gbòǹgbò wọn kò sì dí rí. Bí ẹran náà ti ń fi wọ́n lọ koríko, tí wọ́n sì ń kúrú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń hù, bíi ti eyín iwájú òkété, títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹran náà rú Owen lójú. Ara rẹ̀ tóbi bí ti erin àti àgbáǹréré, eyín rẹ̀ ń hù bí ti eku, àwọn nǹkan míì lára agbárí rẹ̀ sì jọ ti ẹran inú omi. Darwin ní ó ṣeé ṣe kó wà lára àwọn ẹran tó ṣàjèjì jù lọ tí ènìyàn tíì rí. Nínú gbogbo ìdàrúdàpọ̀ yìí, eyín títẹ̀ ni Owen dì mú fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ fún un lórúkọ Yorùbá, kó di ohun tí Owen dì mú mú.

Nísinsìnyí ni mo wá dé ibi tó ń dùn mí jù, èyí tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn nínú yín. Kí ni “oní-”, tó di “elé-” nínú “Eléyín”, ń wá níbẹ̀?

“Oní-” máa ń gbé ọjà rù. Ẹlẹ́ja ń ta ẹja, aláta ń ta ata, oníṣu ń ta iṣu. Bí mo bá kọjá ní ọjà tí ẹnìkan pè mí ní “eléyín”, ọ̀rọ̀ tí yóò tẹ̀lé e ni “èló?”. Ohun tó bá jẹ́ ara ẹran fúnra rẹ̀, tí wọn kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn baba wa ní ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi ń dá a lórúkọ: a-bi. Ohun abẹ̀mí. Àgbò abìwo. Abìyẹ́. Aboyún. Kí wá ni a ó sọ nípa ti ohun tó fara jọ nǹkan mìíràn? Ẹ wo orí ara yín lọ́jọ́ ìnáwó: fìlà abetí-ajá. Fìlà kò bá ajá tan. Etí rẹ̀ ló rí bí etí ajá, àwọn àgbà kò sì fi “bí” há ọ̀rọ̀ náà láàárín kó tó yé wa. Torí náà: abeyín-ọrun. Re-re-mi, re-re. Ó ṣe é pè, ó ṣe é fi kọrin, ọmọ ọdún méje yóò sọ fún ọ pé ẹran kan ni tí eyín rẹ̀ rí bí ọrun.

Bàbá Díákónì, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí n tó dáhùn ti àgbáǹréré. Ẹ kò jìnnà sí òótọ́. Ní 2015, àwọn olùwádìí yọ èròjà purotéènì láti inú egungun Toxodon àti ti Macrauchenia, ẹran ayé àtijọ́ mìíràn ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì hàn pé àwọn tó súnmọ́ wọn jù nínú ẹran tó wà láàyè lónìí ni ẹṣin, àgbáǹréré àti ẹran kan tí ń jẹ́ tapir. Ṣùgbọ́n ẹbí ọ̀nà jíjìn ni, bàbá. Nígbà tí wọ́n yẹ àsopọ̀ Macrauchenia àti ẹbí ẹṣin wò ní ọdún 2017, nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 66 sẹ́yìn ni wọ́n ti ya ara wọn. Gúúsù Amẹ́ríkà tí àwọn ẹran wọ̀nyí dàgbà sí, erékùṣù ni, omi ló yí i ká, títí di nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù mẹ́ta sẹ́yìn tí ilẹ̀ Panama so ó pọ̀ mọ́ ti àríwá. Kódà, ìbátan Toxodon kan, Mixotoxodon, gba orí afárá ilẹ̀ yẹn kọjá, ó dé Texas. Bí a bá ní nítorí ẹbí yìí ká pè é ní àgbáǹréré aláìníwo, ẹṣin náà ńkọ́? Òun náà bá àgbáǹréré tan, òun náà kò sì níwo.

Mo tún rí ẹnìkan tó yọjú sọ “erinmi àtijọ́”, ó sì yára sá. Ó ṣe dáadáa. Òótọ́ ni pé àwọn tó kọ́kọ́ yàwòrán Toxodon gbé e sínú ẹrẹ̀ bí erinmi. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rí egungun rẹ̀ ní ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ pẹ̀lú, àyẹ̀wò eyín rẹ̀ sì fi hàn pé ewé igbó ló ń jẹ ní apá Amazon, ṣùgbọ́n ní àwọn ibòmíràn, ó ń jẹ koríko pápá pẹ̀lú. Eyín tún ni, ẹ ṣe é!

Mo dúró lórí abeyín-ọrun. Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù ú lọ, kó mú un wá, kó má sì mú “oní-” dání.

—————

Láti ọwọ́: Díákónì

Akọ́mọlédè, o ṣeun. Mo ti fẹ̀yìn tì nídìí olùkọ́ àgbà kí ọ̀pọ̀ nínú yín tó mọ bí a ṣe ń di gègé mú, nítorí náà mi ò ní bá ọmọdé jà lórí àgbáǹréré. Ẹ máa pè é ní ohun tó bá wù yín.

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo ní.

Àkọ́kọ́, mo ka ìyókù àpilẹ̀kọ Ọmọ-Ìlá. Ó dé orí ẹran kejì, Macrauchenia, ó sì pè é ní “Ọlọ́rùn-gígùn”. Ọmọ mi, ṣé o kà á sókè kí o tó tẹ̀ ẹ́ jáde? Mo gbé e fún ọmọ-ọmọ mi kó kà á fún mi nítorí ojú mi, ó sì kà á jáde geerege bí orúkọ Ẹni tó dá ọ̀run òun ayé. Nínú ilé mi! O lè máa sọ pé ìsàlẹ̀ ni ohùn tó gbẹ̀yìn. Mélòó nínú àwọn tó ń ka Yorùbá lórí fóònù ló ń wo ohùn tó gbẹ̀yìn? A kì í fi irú eléyìí ṣeré. Pè é ní “abọrùn-gígùn” bí Akọ́mọlédè bá gbà ọ́ láyè.

Èkejì, èyí sì ni mo fẹ́ kí ẹ dáhùn: ta ló fún yín ní “ẹlẹ́pátákò”? Nínú Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ túmọ̀, ẹ ṣí Léfítíkù orí 11. Ẹran tó ya bàtà ẹsẹ̀, tó sì ń jẹ àpọ̀jẹ. Bàtà ẹsẹ̀! Ẹ wo bó ti dùn tó. Pátákò ń dún bí ohun tí wọ́n kàn mọ́ ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá sì fẹ́ tẹ̀lé òótọ́, Toxodon kò tilẹ̀ ya bàtà ẹsẹ̀ bíi ti màlúù. Ìka mẹ́ta ló wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni mo ṣe sọ pé ó jọ àgbáǹréré, òun náà ìka mẹ́ta ló ní. Ṣùgbọ́n mo ti ní mi ò jà mọ́.

—————

Láti ọwọ́: Ọmọ-Ìlá

Ẹ̀yin bàbá mi, mo kúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Ti ohùn orí ọrun, ó ti di re-re láti àárọ̀, ẹ má fi ìyẹn pọ́n mi lójú mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wa lédè náà lẹ kọ́ wa pé kí a má gba ohun gbogbo láìbéèrè.

Akọ́mọlédè, ẹ ní “oní-” ń ta ọjà. Ṣé ẹsẹ̀ ni ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń tà? Olójú kan ńkọ́, èló ló ń ta èyí tó kù? Onírùngbọ̀n? Àwa kan náà là ń sọ wọ́n lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó ń bi onírùngbọ̀n pé “èló?”. Ẹ̀yin lẹ mú oníṣu wọ ibi tí kò sí.

Ẹ sì wo a-bi yín yẹn dáadáa. Abirùn. Abuké. Abi ni a fi ń pe ẹni tí nǹkan ṣe. Bí mo bá kọ “abeyín-ọrun”, ẹni tó ń kà á yóò rò pé eyín ẹran náà yẹ̀, pé àìsàn ló jẹ́ kó tẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé bí gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn, ó sì bá iṣẹ́ wọn mu. Ẹran tó wọ̀n ju tọ́ọ̀nù kan lọ, tó gùn tó mítà méjì àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀, tó gbé Gúúsù Amẹ́ríkà títí di òpin sáà yìnyín, ẹ fẹ́ kó orúkọ abirùn lé e lórí? Ẹ yọ̀ǹda fún mi, mi ò gbà.

Bàbá Díákónì, lórí Macrauchenia, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Oṣù kìíní ọdún 1834 ni Darwin wú egungun yẹn ní èbúté San Julián ní Patagonia. Owen sọ ọ́ lórúkọ ní 1838. Nígbà náà, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ẹran llama ni Auchenia, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríkì tó túmọ̀ sí ọrùn. Ohun tí Owen ń sọ ni pé llama ńlá rèé. Nítorí náà ọrùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn llama ló fara pamọ́ sí. Mi ò lè kọ “llama ńlá”, torí kì í ṣe llama, kò tilẹ̀ bá a tan. Ọrùn rẹ̀ gùn lóòótọ́. Ihò imú rẹ̀ sì wà lókè orí láàárín ojú méjèèjì, débi tí àwọn kan fi yàwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ja bí ti erin. Ọrùn ni mo rí tí kò sẹ́ni tó lè jiyàn rẹ̀, mo sì mú un.

Ti pé ó dún bí orúkọ Ẹlẹ́dàá: ọ̀rọ̀ àwọn tí kò wo ohùn nìyẹn, kì í ṣe tèmi. Ẹ sì jẹ́ kí n béèrè, mo bẹ̀ yín, kì í ṣe àfojúdi. Ọdẹ tó bá ní ọrun, ọrun re-re tí Akọ́mọlédè fi nà mí lẹ́gba, “oní-” pẹ̀lú “ọrun”, kí ni yóò jẹ́? Ẹ kà á sókè. Re-mi-re. Gbogbo ọdẹ Òkè Ògùn ló ti ń jẹ́ orúkọ yẹn, bàbá bàbá ẹnìkan tilẹ̀ wà níbẹ̀.

—————

Láti ọwọ́: Ará Ìbàdàn ní Salvador

Ẹ kú àríyànjiyàn. Ọ̀dọ̀ mi níhìn-ín ní Bàhíà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọlé tọ̀ mí wá, torí egungun Toxodon kò jìnnà sí mi. Ní Bàhíà àti àwọn ìpínlẹ̀ míì ní àríwá ìlà-oòrùn Bùràsíìlì, wọ́n ti wú u jáde nínú àwọn kòtò orí àpáta tí omi òjò ń dá sí, pẹ̀lú egungun àwọn ẹran ńlá mìíràn.

Àwọn ọmọ Nàgó ibí, tí wọ́n ń bọ òrìṣà nílé Kétu, kò mọ “ọrun” yín yẹn. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni wọ́n mọ̀, ohun tó sì gbé dání, igi títẹ̀ àti èyí tó ṣọnṣo lẹ́nu, gbogbo rẹ̀ pọ̀, “ofá” ni wọ́n ń pè é. Ọfà jẹ ọrun mọ́lẹ̀ pátápátá. Bí ẹ bá sọ “orum” níhìn-ín, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀, èyí tó dojú kọ ayé. Mo ka “abeyín-ọrun” fún ìyá àgbà kan tó ń bọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, wọ́n ní ṣé ẹran náà ti kú ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti kú tipẹ́. Wọ́n ní kí ló wá ṣe orúkọ náà, ó bá a mu.

Mo rò pé ó yẹ kí àwọn tó ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ilé máa rántí àwọn tí wọ́n kó lọ. “Abeyín-ọfà” yóò yé wa níbi gbogbo.

—————

Láti ọwọ́: Èkó-Akéte

Bí ọfà bá ti wọlé, ṣé ẹ rí i pé oró ti padà dé? Láìsí ọfà, ibo ni májèlé Akọ́mọlédè yóò jókòó lé? Mo ti sọ tèmi láti ọjọ́ Àìkú.

—————

Láti ọwọ́: Akọ́mọlédè Ìṣẹ́yìn

Èkó-Akéte, lọ sùn.

Ará Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára, kí o sì bá mi kí ìyá àgbà yẹn. Àmọ́ ọfà kì í tẹ̀. Ọfà tó bá tẹ̀, ọdẹ á jù ú nù. Bí ọ̀kan bá gba orúkọ èkejì lókè òkun, ọ̀rọ̀ tó ń dùn mọ́ni ni, mo sì fẹ́ gbọ́ sí i, bóyá ní ìpàdé mìíràn. Ohun tó tẹ̀ lẹ́nu Toxodon, igi ni Owen fi wé, kì í ṣe ohun tó ń fò.

Ọmọ-Ìlá. O gbọ́n, mi ò sẹ́. Bàbá bàbá mi kò tilẹ̀ jẹ́ orúkọ tí o ní wọ́n jẹ́ yẹn, nítorí ọdẹ ni wọ́n ń pe ọdẹ. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin àti olójú kan tí o kó dà sílẹ̀, wò wọ́n: iye ló wà lẹ́yìn wọn. Mẹ́rin. Kan. Níbi tí iye bá ti wọlé, “oní-” kò lè ta ọjà mọ́. Kò sí iye nínú eyín ọrun. Onírùngbọ̀n ni kí o fi bá mi jà, mo ṣì ń rò ó.

Ṣùgbọ́n ti pé a-bi jẹ́ ti aláìsàn, ìyẹn ni mi ò ní gbà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Aboyún ń ṣàìsàn bí? Abìyẹ́ ńkọ́? Àwa tí à ń mí, tí gbogbo ìwé sáyẹ́ǹsì Yorùbá ń pè ní ohun abẹ̀mí, ẹ̀mí ni àìsàn wa? Méjì péré lo rí mú, o wá fi méjì da ogún nù. Abuké tí o sì mú yẹn gan-an kò dá mi lójú pé ọmọ ilé a-bi ni. Iké ni à ń pe ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. A, bi, iké: ó yẹ kó fún wa ní “abiké”. Níbo ni “u” ti wọ ọ̀rọ̀ náà? Mo bi ọ̀gá mi kan léèrè nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, wọ́n ní èdè àdúgbò kan ló ní “uké”, wọn kò sọ àdúgbò tó jẹ́, wọ́n sì ti sùn ní ọ̀run dò-re. Ẹ̀yin Èkìtì àti Oǹdó, ẹ̀yin tí “u” ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ fún, ẹ dá sí i. Bí ẹ bá lè fi “uké” hàn mí, mo ti borí. Bí kò bá sí, kí Ọmọ-Ìlá yọ abuké kúrò nínú ẹjọ́ rẹ̀, kó ku abirùn nìkan.

—————

Láti ọwọ́: Díákónì

Kò tíì sẹ́ni tó dá mi lóhùn lórí bàtà ẹsẹ̀.